Ìgbà òtútù ò tíì lọ, ọwọ́ ti ń yún mi: ìgbà wo ló tọ́ ká bẹ̀rẹ̀ irúgbìn nínú ilé?

Èhù_Tuntun (Oṣù Kìíní, ọjọ́ 12)

Ẹ kú òtútù o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ìbéèrè kan ló gbé mi dé ibí, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tójú mi rí.

Lọ́dún tó kọjá, ara mi ò lè gbà á mọ́. Oṣù Kìíní ò tíì ju ọjọ́ mẹ́fà lọ tí mo ti bu ilẹ̀ sínú tíréè, mo gbin tòmátì 24, ata 12 àti ìgbá 6. Ojú fèrèsé tí ẹ̀rọ amúlégbóná wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ni mo tò wọ́n sí, torí mo rò pé ooru ni gbogbo nǹkan. Lọ́jọ́ kẹfà, tòmátì ti ń yọrí. Mo ń jí lóru láti lọ wò wọ́n. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi ga fíofío, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú, àwọ̀ wọn ṣá, gbogbo wọn na ọrùn sí gíláàsì bí ẹni tó ń yọjú wo ohun tó ń lọ níta. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo bá bí ìdajì wọn nílẹ̀ gbalaja. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan: ìdí rẹ̀, níbi tó ti jáde nínú ilẹ̀ gan-an, ti fún wọlé, ó rọ̀ bí ohun tí wọ́n bọ̀ lómi gbígbóná. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ó ku mẹ́ta. Àwọn mẹ́ta náà ò sì so dáadáa.

Ní Sátidé tó kọjá, mo lọ sí ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ̀nù, mo wọ ilé onígíláàsì tí wọ́n ń pè ní Palm House. Ìrì dídì ṣì wà lórí koríko níta, ó ń dún lábẹ́ bàtà. Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn báyìí, ooru lù mí lójú, awò ojú mi ṣú, mi ò rí nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Òórùn ilẹ̀ tútù ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Nígbà tí mo nu awò mi tán, ọ̀pẹ ló wà níwájú mi, ọ̀pẹ gidi, ọlọ́pọ̀ ẹyìn. Kòkó wà níbẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà níbẹ̀. Mo dúró láàárín wọn títí ara mi fi yá.

Àtìgbà tí mo ti padà délé ni ọwọ́ ti ń yún mi. Oṣù Kìíní la tún wà yìí. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ ni, àbí kí n ṣì mú sùúrù? Kí ló sì pa irúgbìn mi lọ́dún tó kọjá gan-an?

Bàbá_Ọ̀gbìn

Àbúrò, pẹ̀lẹ́ o. Ohun tó ṣe ọ́ yìí, díẹ̀ nínú wa ni kò tíì ṣe rí.

Má fi orúkọ oṣù ṣe ìwọ̀n. Ohun tí à ń wò ni ìgbà tí ìrì dídì máa ń kásẹ̀ nílẹ̀ níbi tí èèyàn ń gbé. Ti ibìkan kì í bá ti ibòmíràn dọ́gba. Àwọn tó ń ṣàkọsílẹ̀ ojú ọjọ́ ní in lọ́wọ́, ẹni tó bá sì ti pẹ́ nídìí ọgbà ládùúgbò rẹ mọ̀ ọ́n sórí. Di ọjọ́ yẹn mú, kí o wá máa ka ọ̀sẹ̀ padà sẹ́yìn. Àlùbọ́sà fẹ́ ọ̀sẹ̀ 10 sí 12. Ata àti ìgbá, 8 sí 10. Tòmátì, 6 sí 8. Kùkúńbà àti elégédé ò ju 3 sí 4 lọ, torí pé wọ́n ń yára, wọn ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni da gbòǹgbò wọn láàmú.

Ká ní ìparí Oṣù Kẹrin ni ìrì dídì ń dáwọ́ dúró lọ́dọ̀ rẹ, a jẹ́ pé tòmátì tí o gbìn ní ọjọ́ 6 Oṣù Kìíní ti fi bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ yá jù. Inú kóòpù kékeré ló máa dàgbà sí, gbòǹgbò á máa yí po, ebi á máa pa á. Tòmátì ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó ki, tí ewé rẹ̀ dúdú dáadáa, máa ń lé irú èyí bá lóko, á sì yà á sílẹ̀. Mo ti rí i ju ìgbà márùn-ún lọ. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Tẹ̀lé_Òòrùn

Mo fara mọ́ ìṣirò tí Bàbá ṣe yẹn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kejì ni mo fẹ́ dáhùn, torí òun ló ká mi lára jù: kí ló pa wọ́n?

Ẹ̀yin Èhù Tuntun, ẹ wo hóró tòmátì kan. Oúnjẹ tirẹ̀ wà nínú rẹ̀. Kó tó hù, kò béèrè ju omi, atẹ́gùn àti ooru lọ. Inú òkùnkùn pàápàá ló ti ń hù. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ amúlégbóná yín fi ràn án lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti yọrí, tó la ewé méjèèjì, oúnjẹ inú hóró ti ń tán lọ. Láti ìgbà náà lọ, ìmọ́lẹ̀ ló ń jẹ. Tí ìmọ́lẹ̀ bá kéré, ohun tó wà lẹ́dàá rẹ̀ ni pé kó sáré ga, bóyá nǹkan kan ló ṣíji bò ó, kó lè kọjá rẹ̀. Ooru sì ń lé e pé kó máa sáré. Ó wá di pé ó ń fi oúnjẹ tí kò ní kọ́ ilé gogoro. Ooru tí kò ní ìmọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló jẹ yín níyà, kì í ṣe ọwọ́ yín ni kò dára.

Ojú wa ń tàn wá jẹ níbi yìí. A wọ yàrá, a ní ó mọ́lẹ̀ kedere, torí ojú èèyàn máa ń bá òkùnkùn ṣàdéhùn. Ewé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà òtútù oòrùn kì í ga, ọjọ́ kúrú, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé sì ń gba ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo wọlé. Nígbà tí ojúmọmọ ò bá tó wákàtí 10, ọ̀pọ̀ ewéko kàn ń wà láàyè ni, wọn ò dàgbà tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí mo ń ṣe rèé. Mo ní iná gbọọrọ méjì tí mo fi ẹ̀wọ̀n so rọ̀. Wákàtí 14 sí 16 ni mo ń tàn wọ́n lójúmọ́, mo sì ń jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ orí ewé, bíi sẹ̀ntímítà 5 sí 8. (Èyí jẹ́ fún iná gbọọrọ tí kì í gbóná púpọ̀. LED tó lágbára ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí ìwé tó bá a wá ṣe sọ.) Bí irúgbìn bá ṣe ń ga ni mo ń fa ẹ̀wọ̀n sókè. Lálẹ́, mo ń pa á, torí wọ́n fẹ́ òkùnkùn náà. Ohun kejì tó ṣe pàtàkì: bí èyí tó pọ̀ jù bá ti hù, mo gbé tíréè kúrò lórí ooru. Tòmátì tó fẹ́ 21 sí 27°C láti hù, 16 sí 18°C ti tó o lẹ́yìn tó bá hù, kó má baà sáré.

Mo dán an wò ní àdánwò kan: hóró kan náà, ọjọ́ kan náà. Àwọn tó wà lábẹ́ iná ga sẹ̀ntímítà 3 nígbà tí wọ́n yọ ewé gidi àkọ́kọ́. Àwọn tó wà lójú fèrèsé ti ga 9, wọn ò sì lè dá dúró.

Ẹni_Ata

Ẹ má bínú o, èmi ò gbà pé gbogbo ẹni tó bá gbìn ní Oṣù Kìíní ló ṣìṣe. Ata rodo ńkọ́? Ó lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú ilẹ̀ kó tó yọjú. Ilẹ̀ tó gbóná bíi 25 sí 30°C ló ń wá. Lẹ́yìn ìgbà tí a bá kó o síta náà, ó tún máa gba oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí èso rẹ̀ tó pọ́n. Ẹni tí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn rẹ̀ kúrú, tó ní kóun dúró di Oṣù Kẹta, ata tí kò tíì pọ́n ni yóò ká kí òtútù tó padà dé. Ọ̀sẹ̀ kẹta Oṣù Kìíní ni mo máa ń gbin tèmi, lábẹ́ iná, lórí aṣọ oníná tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ tíréè. Kì í ga gogoro. Kì í wó.

Tẹ̀lé_Òòrùn

Ẹ̀gbọ́n Ata, ẹ ò jìnnà sí mi rárá. Ẹ̀yin ní iná. Ẹni tó bá ní iná lè bẹ̀rẹ̀ ata rodo lọ́la. Ẹni tí ojú fèrèsé nìkan wà fún ni mo ń bẹ̀ pé kó dúró kí ọjọ́ gùn díẹ̀ sí i.

Èhù_Tuntun

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti ń ka gbogbo rẹ̀ lákàtúnkà. Wíwó tí wọ́n wó lulẹ̀ yẹn ńkọ́? Ṣé àìsí ìmọ́lẹ̀ náà ló fà á? Torí pé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, wọ́n ṣì dúró.

Ìyá_Ewéko

Ọmọ mi, òun kọ́. Àrùn nìyẹn. Àìsí ìmọ́lẹ̀ ló sọ wọ́n di aláìlera, àrùn wá rí àyè.

Àwọn olú kéékèèké àti àwọn ohun tó jọ olú, tí ojú ò lè rí, ló ń ṣe é, Pythium àti Rhizoctonia wà lára wọn. Inú ilẹ̀ àti ara ìkòkò tí a kò fọ̀ ni wọ́n ń gbé. Tí ilẹ̀ bá rin gbindin, tí òtútù bá mú un, tí afẹ́fẹ́ ò rìn, wọ́n á ki ìdí irúgbìn mọ́lẹ̀ níbi tó ti pàdé ojú ilẹ̀ gan-an. Ibẹ̀ náà lo rí i tó fún, tó rọ̀ yẹn. Lóru ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Tó bá ti mú ọ̀kan, kò sí oògùn tó ń jí i dìde. Yọ òun àti ilẹ̀ ìdí rẹ̀ dànù kíákíá, kí o sì jẹ́ kí ìyókù gbẹ díẹ̀.

Jẹ́ kí n bi ọ́: ṣé òkè lò ń bomi rin wọ́n láti wá? Ṣé o fi ọ̀rá bo tíréè, tí o kò sì tètè ṣí i? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ìdáhùn rẹ, torí ohun tí èmi náà ṣe nìyẹn nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rá yẹn dára kí hóró tó hù, kí ilẹ̀ má gbẹ. Lọ́jọ́ tí èyí àkọ́kọ́ bá yọrí, ṣí i. Má ṣe dúró de ìyókù.

Fọ ìkòkò àtijọ́ pẹ̀lú ọṣẹ, kí o wá rẹ ẹ́ sínú omi tí o po bílíìṣì ìwọ̀n kan mọ́ ìwọ̀n mẹ́sàn-án omi, kí o ṣan án. Má bu ilẹ̀ ọgbà wọlé fún hóró kéékèèké, ó ń dì, ó sì ń gbé àrùn. Ilẹ̀ fúlẹ́fúlẹ́ tí wọ́n po fún irúgbìn ni kí o lò. Omi, ìsàlẹ̀ ni kó gbà. Da omi sínú àwo, gbé tíréè lé e, jẹ́ kó fà á fún bí ìṣẹ́jú ogún, lẹ́yìn náà da èyí tó kù nù. Bí o ṣe máa mọ ìgbà tó tún fẹ́ omi ni pé kí o máa gbé tíréè náà sókè. Ọwọ́ rẹ á mọ̀ ọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ kan: tíréè tó mu omi yó wúwo, èyí tí òùngbẹ ń gbẹ fúyẹ́ bí ìwé. Mo tún máa ń fi fáànù kékeré kan sí igun yàrá, kí ewé wọn máa mì lẹ́sẹ̀lẹ́sẹ̀. Ó ń gbẹ ojú ilẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí ọ̀pá wọn le, bí ẹni pé atẹ́gùn ìta ló ti mọ̀ wọ́n lára.

Ilé_Gíláàsì

Inú mi dùn pé Èhù Tuntun lọ sí Palm House. Mo ti wọ ọ̀pọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀, ìgbà òtútù gan-an ni mo sì fẹ́ràn láti lọ, torí ìgbà náà lèèyàn ń rí iṣẹ́ tí gíláàsì ń ṣe. Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí Tẹ̀lé Òòrùn sọ, ara ilé náà ni wọ́n kọ ọ́ sí.

1844 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé yẹn, wọ́n parí rẹ̀ ní 1848. Decimus Burton àti Richard Turner ló kọ́ ọ, ó sì gùn tó mítà 110. Ẹ wo bí irin rẹ̀ ṣe tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ wo bí òrùlé rẹ̀ ṣe tẹ̀ kọ̀rọ̀bọ̀. Irin tó bá nípọn ń dí oòrùn. Òrùlé tó bá tẹ̀ báyẹn sì máa ń rí ibì kan kọjú sí oòrùn, ì báà ga, ì báà wà nísàlẹ̀ bíi ti ìgbà òtútù. Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu jù ni pé gíláàsì aláwọ̀ ewé ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí i, torí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé oòrùn á jó ewé. Nígbà tó yá, wọ́n fi èyí tó mọ́ gaara rọ́pò rẹ̀. Àwọn ọ̀gá nídìí iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ kọ́ ọ pé ìmọ́lẹ̀ kò pọ̀ jù fún ewéko níbi tí oòrùn ti ṣọ̀wọ́n. Ti ooru ò le tó bẹ́ẹ̀: iná èédú ni wọ́n ń dá nínú àjà ilẹ̀, wọ́n sì gba ihò abẹ́ ilẹ̀ gbé èéfín rẹ̀ lọ sí ilé gogoro kan tó wà lọ́tọ̀.

Ẹ̀gbẹ́ kan wà nínú ilé náà tí mi ò kì í kọjá láì dúró. Igi kan tó jọ ọ̀pẹ ló wà níbẹ̀, Encephalartos altensteinii ló ń jẹ́. Francis Masson ló mú un wá láti Gúúsù Áfíríkà, 1775 ló gúnlẹ̀ sí Kew. Inú ìkòkò ló ṣì wà títí dòní. Ó ti fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, wọ́n fi igi tì í lẹ́yìn bí arúgbó, ewé tuntun sì ń yọ lórí rẹ̀. Nígbàkigbà tí ara mi bá ń kán mi lójú, òun ni mo máa ń rántí.

Ìtàn òṣíbàtà ńlá náà ń bẹ, Victoria amazonica, tí ewé rẹ̀ ń fẹ̀ ju mítà méjì lọ. Ní Chatsworth, ilé ńlá ọlọ́gbà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Oṣù Kọkànlá 1849, Joseph Paxton tó jẹ́ olórí olùtọ́jú ọgbà ibẹ̀ mú kó yọ òdòdó. Ó gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin lé orí ewé náà, ewé ò rì. Ó yí i padà, ó rí bí iṣan abẹ́ rẹ̀ ṣe ń gbé ara wọn ró, ọgbọ́n yẹn ló sì wà nínú Crystal Palace, ilé gíláàsì ràgàjì tó yàwòrán rẹ̀ fún àfihàn ńlá ọdún 1851 ní Lọ́ńdọ̀nù. Òdòdó rẹ̀ ń funfun lóru àkọ́kọ́, ó ń di àwọ̀ osùn fẹ́ẹ́rẹ́ lóru kejì. Nílùú olótùútù, ọ̀pọ̀ ọgbà ló ń tún un gbìn láti orí hóró lọ́dọọdún. Ẹ rò ó wò: ewé tó lè gbé ọmọdé, hóró tó tó ẹ̀wà ló ti bẹ̀rẹ̀, kò sì ju oṣù mélòó kan lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ wo irú ilé bẹ́ẹ̀, Kibble Palace wà ní Glasgow, ilé Enid A. Haupt wà ní New York láti 1902. Eden Project ní Cornwall náà dára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bò ó, kì í ṣe gíláàsì. Ẹ lọ ní kùtùkùtù, ẹ wọ aṣọ tó ṣe é bọ́ ní ìpele-ìpele, tí ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò, ẹ fi ẹ̀rọ yín sílẹ̀ nínú ooru fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ìkùukùu ojú rẹ̀ lè lọ. Kí ẹ sì máa wo ilẹ̀ ìdí igi. Ẹ máa rí i pé àwọn olùtọ́jú kì í bomi rin wọ́n nígbà òtútù bí wọ́n ṣe ń ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìmọ́lẹ̀ kéré, igi ò mu púpọ̀. Omi tí kò bá rẹ́ni mu ún, gbòǹgbò ló ń ba jẹ́.

Ẹni_Ata

Ti igi ọdún 1775 yẹn wọ̀ mí lára. Ẹ ṣé.

Yàrá_Kan

Ẹ dákun, èmi ò ní àyè, mi ò ní iná, fèrèsé mi kan ṣoṣo kọjú sí ògiri. Bálíkónì kékeré ló kù mí kù. Ṣé kí n gbàgbé ọ̀rọ̀ irúgbìn títí ooru fi máa dé ni?

Ìyá_Ewéko

Rárá o, ọmọ mi! Bálíkónì yẹn ti tó. Wá ike wàrà ńlá tó jẹ́ pé ìmọ́lẹ̀ ń gba ara rẹ̀ kọjá. Lu ihò mélòó kan sí ìdí rẹ̀. Fi ọ̀bẹ gé àárín rẹ̀ yíká, ṣùgbọ́n fi ibi tó tó ìka mẹ́ta sílẹ̀ lẹ́yìn láìgé, kó lè máa ṣí bí ìdérí àpótí. Bu ilẹ̀ tútù tó jìn tó sẹ̀ntímítà 8 sí i, gbìn, pa á dé, fi téèpù lẹ ẹ́ yíká. Ìdérí ẹnu rẹ̀, jù ú nù. Ibẹ̀ ni òjò àti afẹ́fẹ́ á máa gbà wọlé. Kí o wá gbé e síta sínú òtútù, kí o sì fi í sílẹ̀. Kí yìnyín bò ó, má ṣe gbọ̀n ọ́n.

Hóró tó wà nínú rẹ̀ á dì, á yọ́, á tún dì. Kò ní hù títí ìgbà rẹ̀ á fi tó. Òun fúnra rẹ̀ ló máa mọ̀, kò ní béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Irúgbìn tó bá hù nínú ike yìí kì í ga gogoro, torí ojúmọmọ gidi ló ń gbà, òtútù sì ti tọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo nǹkan: kéèlì, létúùsì, kábéèjì, àti ọ̀pọ̀ òdòdó tó ń padà wá lọ́dọọdún. Àwọn òdòdó kan wà tí wọn kì í hù dáadáa tí òtútù àti ọ̀rinrin ò bá kọ́kọ́ bá wọn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, bíi ìdílé echinacea àti milkweed. Ara wọn ni wọ́n ń dáàbò bò, kí wọ́n má baà yọrí sáàárín òtútù. Ata àti ìgbá ò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí o.

Tí o bá gbin létúùsì, má bò ó mọ́lẹ̀. Tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ilẹ̀ pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ ni. Ìmọ́lẹ̀ ló ń jí i.

Yàrá_Kan

Màmá, ẹ̀mí yín á gùn. Ike mẹ́ta ló wà nílé báyìí.

Bàbá_Ọ̀gbìn

Kí ẹ tó gbin ohunkóhun, ẹ wo ọjọ́ orí hóró yín. Hóró àlùbọ́sà kì í pẹ́, ọdún kan, bóyá méjì. Ata lè tó mẹ́ta. Tòmátì ń tó mẹ́rin, márùn-ún, jù bẹ́ẹ̀ lọ pàápàá, tó bá wà níbi tó gbẹ, tó tutù. Àdánwò rẹ̀ ò le. Ka hóró 10 sórí ìwé ìnujú tó rin díẹ̀, ká a, fi sínú ọ̀rá, gbé e síbi tó lọ́wọ́ọ́rọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ 7 sí 10, ṣí i. Mélòó ló yọ irun funfun? Tí ó bá jẹ́ mẹ́jọ, ó dára. Tí ó bá jẹ́ mẹ́rin, gbin méjì-méjì. Tí ó bá jẹ́ òdo, o ti gba ara rẹ lọ́wọ́ oṣù kan tí ò bá fi máa wo ilẹ̀ òfìfo.

Ilé_Gíláàsì

Ọ̀rọ̀ Bàbá yìí rán mi létí rọ́bà. Ní 1876, Henry Wickham kó hóró rọ́bà bí 70,000 láti Brazil wá sí Kew. Hóró rọ́bà kì í pẹ́ kú, wọ́n sì sáré gbìn ín sínú ilé gíláàsì. Àwọn tó hù kò tó 3,000. Látara ìwọ̀nba yẹn ni oko rọ́bà ilẹ̀ Éṣíà ti gbèrú. Tí hóró mẹ́rin bá hù nínú mẹ́wàá yín, ẹ má sọ̀rètí nù.

Àpótí_Onídérí

Mo fẹ́ fi ìrírí mi kún un, nítorí ẹni tó bá ń ronú pé òun á kọ́ ilé gíláàsì kékeré tirẹ̀. Fèrèsé àtijọ́ ni mo lò: mo kan pákó mẹ́rin pọ̀, mo jẹ́ kí ẹ̀yìn ga ju iwájú, mo kọjú rẹ̀ sí ibi tí oòrùn ti ń wá, mo gbé fèrèsé lé e lórí. Ó dára gan-an. Kéèlì mi wà láàyè nínú rẹ̀ nígbà tí gbogbo ohun tó wà níta dì, adùn rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i, torí òtútù máa ń jẹ́ kí irú ewé bẹ́ẹ̀ kó ṣúgà jọ sára kí omi inú rẹ̀ má baà tètè dì.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan nínú Oṣù Kejì, oòrùn yọ. Níta, tẹmọ́mítà wà ní 3°C, mo rò pé kò sí wàhálà, mo jáde lọ. Ìgbà tí mo padà dé lọ́sàn-án, 38°C ni mo bá nínú àpótí. Tíréè létúùsì méjì ti rọ jọ bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n gbé kaná. Mo kẹ́dùn gan-an ni. Gíláàsì ń jẹ́ kí oòrùn wọlé, ilẹ̀ gbóná, afẹ́fẹ́ gbígbóná ò sì ríbi jáde. Òtútù ìta ò ràn án. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá ti rí oòrùn láàárọ̀, mo ti fi igi kékeré gbé ìdérí náà sókè kí n tó ṣe ohunkóhun mìíràn, mo sì ń pa á dé kí oòrùn tó wọ̀, kí ooru ọjọ́ yẹn lè bá wọn sùn.

Bàbá_Ọ̀gbìn

Àpótí yẹn náà ló dára jù láti fi mú irúgbìn inú ilé mọ́ ìta. Ẹ má kó wọn láti abẹ́ iná lọ sí oko lọ́jọ́ kan ṣoṣo, oòrùn á sun ewé wọn funfun. Ọjọ́ 7 sí 10 ni: wákàtí kan nínú ìbòòji lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ máa fi kún un díẹ̀díẹ̀.

Èhù_Tuntun (Oṣù Kẹta, ọjọ́ 19)

Ẹ̀yin òbí mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, mo ní kí n wá jíhìn.

Mo mú sùúrù. Kò rọrùn. Mo fi ìyókù Oṣù Kìíní fọ ìkòkò, mo sì ṣe àdánwò hóró. Àlùbọ́sà àtijọ́ mi: òdo nínú 10. Tòmátì: 7. Ata rodo: 4, mo bá gbin méjì-méjì bí Bàbá ṣe wí. Mo ra iná gbọọrọ kan, mo fi okùn so ó rọ̀ lábẹ́ pẹpẹ ìwé. Àlùbọ́sà tuntun wọlé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ Oṣù Kejì, ata ní ọjọ́ 20, tòmátì ní ọjọ́ 5 oṣù yìí.

Mo jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ tí tòmátì hù. Kì í kọ́kọ́ gbé orí sókè. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń kọ́kọ́ yọ, ó tẹ̀ bí ìwọ̀ ẹja, ilẹ̀ kékeré kan wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan ó fa orí jáde, awọ hóró ṣì há mọ́ ọ̀kan nínú àwọn ewé rẹ̀. Ọ̀kan ò lè bọ́ tirẹ̀ kúrò, mo fi ìka tó rin kán omi kan sí i, mo fi í sílẹ̀ di àárọ̀, ó sì já bọ́ fúnra rẹ̀. Kí ó tó di alẹ́ ọjọ́ náà mo ti gbé tíréè kúrò lórí ooru, mo ti ṣí ọ̀rá.

Òní ni wọ́n pé ọjọ́ 14. Wọn ò ga ju ìka mi àárín lọ. Ọ̀pá wọn ní àwọ̀ elésè àlùkò, irun funfun kéékèèké sì wà lára rẹ̀. Ewé gidi àkọ́kọ́ ti ń yọ láàárín, etí rẹ̀ ní eyín bí ayùn. Mo fọwọ́ rà á fẹ́ẹ́rẹ́, òórùn tòmátì bo ìka mi. Kò sí èyí tó wó.

Màmá Ewéko, mo gbé ike wàrà méjì síta pẹ̀lú. Yìnyín bò wọ́n fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Láàárọ̀ yìí mo yọjú wo ẹnu ọ̀kan, kéèlì ti wà nínú rẹ̀, mo ka mọ́kànlá.

Ewé tòmátì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan iná báyìí. Mo ń lọ fa okùn náà sókè díẹ̀. Yàrá Kan, ti bálíkónì yín ńkọ́?